Ẹ Jẹ́ kí Òǹwòran Bá Wa Ṣe Eré

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti pẹ́ ní ọkàn àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti ẹkùn omi Ìlàjẹ wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, a sì bẹ Olóòtú pé kí ó fún wa ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa kí a lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kan kọ́ńsáàtì tí a máa ń ṣe ní ìparí ọdún. Gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń ṣe é. Bí ó bá ku oṣù méjì, a ó pín ìwé eré fún àwọn òṣèré. Olúkúlùkù yóò máa kọ́ tirẹ̀ sórí ní abẹ́ igi, ní ilé ìwẹ̀, àti nígbà mìíràn (kí olùkọ́ ìṣirò má ṣe bínú) ní inú kíláàsì. Nígbà tí alẹ́ ọjọ́ náà bá dé, àwọn àlejò yóò jókòó, wọn yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Àwa yóò ka gbogbo ohun tí a ti kọ́ sórí jáde, wọn yóò pàtẹ́wọ́, ó parí. Bí ẹnìkan nínú àwọn òǹwòran bá dá sí ọ̀rọ̀ náà, àwọn alákòóso yóò fi ojú líle wò ó títí yóò fi pa ẹnu mọ́.

A kò sọ pé èyí burú. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ọ̀kan, ó kéré tán, nínú àwọn eré ọdún yìí jẹ́ irú èyí tí a kò kọ sílẹ̀: eré tí àwọn òṣèré mọ ìtàn rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí olúkúlùkù ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, tí àwọn òǹwòran sì ní ẹ̀tọ́ láti dá sí i, àní láti yí i padà bí wọ́n bá rí i pé ó yẹ. Kì í ṣe nítorí àríyá ni a ṣe ń béèrè èyí. Iṣẹ́ tí ó ń dúró dè wá ni a ń rò. Láìpẹ́ a ó rán púpọ̀ nínú wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dúró lórí òpó nínú omi, níbi tí kò sí gbọ̀ngàn, tí ìwé kò tó, tí a ó sì ní láti bá àwọn òbí sọ ọ̀rọ̀ tí kò rọrùn láti gbọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí a kọ́ sórí nìkan ni a mọ̀ ọ́n sọ, kí ni a ó ṣe nígbà tí wọ́n bá dá wa lóhùn?

Ẹni tí ó bá pe ohun tí a ń béèrè ní àṣà àjèjì kò tíì wo ẹ̀yìn dáadáa. Ní ọdún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, ará Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin mú kí àwọn eléré ṣeré fún un. Wọ́n jó nínú àpò, wọ́n mú òjòlá ńlá jáde, lẹ́yìn náà ni ẹnìkan yọ tí wọ́n ṣe ní àwòrán òyìnbó. Ó funfun, ó gbẹ, òtútù ń mú un. Ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Clapperton kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé inú àwọn ènìyàn dùn jọjọ, àti pé wọ́n ń yíjú sí òun àti àwọn tí ó bá a rìn léraléra kí wọ́n lè jẹ́rìí pé eré náà dára. Ẹ kíyè sí i. Àlejò tí ó jókòó láti wòran ni wọ́n fi ṣe eré lójú ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tún di apá kan nínú ohun tí àwọn yòókù ń wò. Ó hàn pé Clapperton kì í ṣe ẹni tí ó máa ń yára bínú.

Àwa ará etí òkun náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí bírípo bá ń dún, kò sí ẹni tí ó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun kàn wá wòran ni.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ kí ó wú àwa olùkọ́-lọ́la lórí jùlọ ni ti àwọn eléré tí ń lọ láti ìlú dé ìlú ní ọ̀rúndún tí ó kọjá. Ta ni ó dá wọn sílẹ̀? Olùkọ́ ni. Hubert Ògúndé ti ṣe olùkọ́ kí ó tó ṣe ọlọ́pàá, àti kí ó tó gbé eré rẹ̀ nípa ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run jáde fún ìjọ Aládùúrà kan ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní ọdún 1944. Olùkọ́ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Dúró Ládiípọ̀ náà ti dúró níwájú kíláàsì rí. Irú ilé-ẹ̀kọ́ tí àwa náà jáde ni wọ́n ti kọ́ orin, tí wọ́n sì ti kọ́ bí a ti í to ènìyàn sí orí pèpéle. Nígbà tí wọ́n jáde kúrò níbẹ̀ ni wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn tí ó san owó wọlé kò ní jókòó bí ọmọ kíláàsì kìíní.

Ọ̀mọ̀wé obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Karin Barber, bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo rìn fún ìgbà pípẹ́, ó sì bá wọn ṣeré lórí ìtàgé. Ìwé tí ó kọ nípa wọn jáde ní ọdún 2000. Ohun tí ó rí ni pé kò sí ìwé eré kankan. Ọ̀gá yóò sọ ìtàn, yóò pín ipò fún òṣèré, òṣèré yóò sì wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá mú àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín ní ìlú kan, òṣèré yóò dì í mú lọ sí ìlú kejì. Èyí tí wọ́n bá gbọ́ tí wọ́n ń yán, yóò sọ ọ́ nù. Nítorí náà eré kan tí ó ti lọ káàkiri fún ọdún mélòó kan kì í ṣe eré ẹni tí ó dá a sílẹ̀ nìkan mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a kò mọ orúkọ wọn ni ó ti fi ẹnu sí i. Àní ìwé gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kúyẹ̀, tí J. F. Ọdúnjọ kọ, tí a mọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ Adéjọbí gbà á, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí a ń fi ẹnu ṣe. Ọmọ inú ìtàn náà kò lè gbọ́ràn, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ó dùn mọ́ wa nínú láti rò ó pé nígbà tí ẹni tí ìtàn dá lé lórí kò lè sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ni yóò máa bá a sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wo irú eré bẹ́ẹ̀ rí mọ bí ó ti ń rí. Òṣèré yóò bẹ̀rẹ̀ òwe, yóò dẹnu dúró. Àwọn tí ó jókòó yóò parí rẹ̀ fún un. Bí ọ̀dàlẹ̀ bá fi májèlé sínú oúnjẹ, ìyá kan ní ẹ̀yìn yóò pariwo pé kí ọmọ náà má jẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ Ghana, ní àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ kọ́ńsáàtì tiwọn ń lọ káàkiri, òǹwòran a máa gun orí ìtàgé láti fún ọmọ òrukàn inú eré ní owó tàbí oúnjẹ. Wọ́n mọ̀ pé òṣèré ni. Wọn kì í ṣe òpè. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá rí ìyà tí kò sì ṣe nǹkan kan, kò wòran dáadáa.

A ti bá ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi, wọ́n sì dá wa lóhùn pé eré tí a kò kọ sílẹ̀ yóò di ariwo ọjà, pé ọmọdé yóò rí àyè rí àgbà fín, àti pé kò sí bí a ó ti í yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ariwo lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wí i pé ìwé kíkọ kò fìgbà kan pa eré mọ́ kúrò nínú wàhálà. Yorùbá Ronú tí Ògúndé ṣe ní ọdún 1964, ó mọ ohun tí ó fẹ́ sọ dájúdájú, síbẹ̀ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà.

Ní tiwa, ìdáhùn kan wà tí olùkọ́ wa ì bá fún wa tí yóò nira fún wa ju ti ariwo lọ. Òun ni pé òṣèré tí ń fetí sí òǹwòran ní ìgbà gbogbo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kìkì ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Owó ìwọlé ni ẹgbẹ́ eléré fi ń jẹun. Bí àwọn ènìyàn bá fẹ́ kí ìyàwó tí ó ń dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ jìyà ní ìparí eré, yóò jìyà. Bí ó bá sì jẹ́ pé àrífín ni wọ́n ka ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin sí, eré kò ní bá wọn jiyàn. Bẹ́ẹ̀ ni èrò àtijọ́ yóò ṣe máa rí àtẹ́wọ́ gbà láti ìlú dé ìlú. Àwa gbà pé èyí ni ewu tí ó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa kò gba owó ìwọlé. Olùkọ́ tí kò retí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹwòran lè dá eré dúró kí ó sì béèrè ìbéèrè tí kò dùn ún gbọ́. Bí wọ́n bá bínú lónìí, yóò ṣì wà láàárín wọn ní ọ̀la, nítorí ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

A ó sọ ohun tí a fi ojú rí. Nínú ìsinmi tí ó kọjá, àwa mẹ́fà ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní abúlé tí kò jìnnà sí òkun. Àwọn kan jókòó lórí pákó ìloro, àwọn kan sì wà nínú ọkọ̀ wọn lórí omi, wọ́n so ó mọ́ òpó ilé. Ìtàn náà kò ju báyìí lọ: bàbá kan fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kúrò ní kíláàsì kẹfà, kí ó bá òun lọ pẹja ní èbúté tí ó jìnnà, nígbà tí ìdánwò ku oṣù mẹ́ta. Gbogbo wa ni a mọ irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ibi tí apẹja Ìlàjẹ kò tíì dé ní etí òkun yìí. Nígbà tí bàbá di ọmọ náà ní ọrùn ọwọ́, olórí wa dá eré dúró gẹ́gẹ́ bí a ti pinnu, ó sì bi àwọn òǹwòran pé kí ni kí ìyá ọmọ náà ṣe.

Bàbá àgbàlagbà kan ní kí ó dákẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọdé ní kí ọmọ náà sá. Nígbà náà ni ìyá kan, tí ó ń yan ẹja ní ẹ̀gbẹ́ ilé títí di ìgbà náà, nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì wí pé, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kò tíì bi ọkùnrin yẹn léèrè pé gbèsè ta ni ó ń san.” A ní kí ó gòkè wá. Ó gòkè wá, ó gba ipò ìyá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa, kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń béèrè ni. Èló ni àwọ̀n yẹn? Ta ni ó ta á ní àwìn? Ìgbà wo ni yóò wá gba owó rẹ̀? Bí ẹ bá gba alágbàṣe sínú ọkọ̀, ẹja mélòó ni yóò kù fún wa? Òṣèré wa tí ń ṣe bàbá jẹ́ ọmọ apẹja. Ó mọ ìdáhùn, ó sì ń dá a lóhùn. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi kígbe láti inú ọkọ̀ pé kí wọ́n mú ẹni tí ó ta àwọ̀n wá, òun fúnra rẹ̀ sì fo sórí pákó láti ṣe ẹni náà. Ó ṣe é dé ibi tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ bàbá òǹrorò ti kúrò nílẹ̀, ọ̀rọ̀ àwìn àwọ̀n ni ó kù. Ìparí rẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Àwọn mẹ́ta nínú wọn dá àáró lórí ìtàgé: ọmọkùnrin tí ó ti parí ilé-ẹ̀kọ́ ní ilé kìíní yóò wọ ọkọ̀ ilé kejì ní ọ̀sẹ̀ kan, ti ilé kejì yóò wọ ti ilé kẹta, títí ìdánwò yóò fi kọjá.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ti sọ fún wa pé ọmọ méjì tí wọ́n ti ń múra àti lọ dúró ṣe ìdánwò wọn. A kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé eré náà ni ó dá wọn dúró. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí a bá kọ eré yẹn sílẹ̀ ní ibí yìí, a ì bá kọ bàbá búburú kan, a ì bá sì fi ẹ̀kọ́ gbé e lulẹ̀.

Nǹkan kan tún wà nínú rẹ̀. Ìyá yẹn kò sọ Yorùbá inú ìwé. Ẹnu Ìlàjẹ ni ó fi sọ gbogbo rẹ̀, òṣèré wa sì fi ẹnu Ìlàjẹ dá a lóhùn. Láti ayé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni Yorùbá tí ó súnmọ́ ti Ọ̀yọ́ ti jẹ́ èdè ìwé fún gbogbo wa, a kò sì ráhùn. Òun ni ó jẹ́ kí ará Èkìtì àti ará Ẹ̀gbá lè ka ohun tí a ń kọ yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ etí òkun tí ó bá dúró níwájú kíláàsì máa ń jà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì: ohun tí ó fẹ́ sọ, àti bí ìwé ti ní kí ó sọ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn àwọn ọmọ náà gbọ́ èdè ìyá wọn lórí ìtàgé níwájú àwọn tíṣà, kò sì sí ẹni tí ó tún un ṣe. Àwọn tí kì í dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì ni wọ́n ń pariwo jù.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti lo irú eré yìí fún ohun tí ó wúwo. Augusto Boal, ará Brazil, ni ó sọ ọ́ di ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ní Peru ní ọdún 1973, obìnrin kan fún àwọn òṣèré òun ní ìmọ̀ràn, wọ́n ṣe é, obìnrin náà ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Títí ó fi gun orí ìtàgé láti fi bí ó ti rí hàn wọ́n. Láti ìgbà náà ni Boal ti ń pe òǹwòran gòkè. Nígbà tí wọ́n dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ ìlú Rio de Janeiro, láàárín ọdún 1993 sí 1996, irú eré bẹ́ẹ̀ ni ó fi ń gba èrò àwọn ará ìlú, òfin 13 sì ti inú rẹ̀ jáde. Ti Kenya kò rí bẹ́ẹ̀. Ní abúlé Kamĩrĩĩthũ ní ọdún 1977, àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ bá Ngũgĩ wa Thiong’o àti Ngũgĩ wa Mĩriĩ tún eré wọn ṣe ní èdè Gĩkũyũ. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá jẹ́ bí àgbàlagbà ti í sọ̀rọ̀, wọn yóò ní kí wọ́n yí i padà. Ìjọba dá eré náà dúró láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n ti Ngũgĩ wa Thiong’o mọ́lé ní ìparí ọdún náà, nígbà tí ó sì di ọdún 1982 wọ́n wó ilé eré náà lulẹ̀. A kò fi èyí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. A sọ ọ́ kí a má baà rò pé eré tí ènìyàn lásán ń dá sí jẹ́ ohun ìṣeré.

Nítorí ọ̀rọ̀ tí ó wà ní etí òkun wa kì í ṣe ti àwọ̀n nìkan. Gbogbo yín ni ẹ mọ Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí wọ́n fi àpò kan náà jẹun tí wọ́n sì jùmọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òkun ti gbé ilé, ilé-ẹ̀kọ́ àti ibi iṣẹ́ lọ níbẹ̀, kò sì tíì dúró. Àwọn aláṣẹ a máa wá, wọn a sọ̀rọ̀, àwọn ará ìlú a gbọ́, wọn a padà. Kí a ṣí ni, tàbí kí a dúró? Bí a bá ṣí, ta ni yóò fún apẹja ní ilẹ̀ tí ó súnmọ́ omi? Ibojì àwọn bàbá wa ńkọ́? Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó lè jókòó kọ ìdáhùn ìwọ̀nyí sínú ìwé eré. Ṣùgbọ́n a lè fi ìbéèrè náà sí orí pákó, kí a sì sún sẹ́yìn.

A ti fi ẹnu kò lórí àwọn nǹkan díẹ̀ kí ọkàn àwọn olùkọ́ wa lè balẹ̀. A kì yóò fi alààyè kankan nínú abúlé ṣe eré, bí ó ti wù kí ìtàn rẹ̀ dùn tó, nítorí a mọ bí ẹ̀fẹ̀ ti lè ba ilé jẹ́. Ẹnìkan ni yóò dúró láàárín òṣèré àti òǹwòran, òun nìkan ni yóò máa pe ènìyàn gòkè, bí ẹni tí ó mu ògógóró yó bá sì fẹ́ gòkè, òun ni yóò fi ọgbọ́n mú un jókòó. A ó máa bi àwọn obìnrin léèrè kí àwọn ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ tán, nítorí bí àwọn ọkùnrin bá sọ tiwọn tán, àwọn obìnrin kì í sọ nǹkan kan mọ́.

Fún kọ́ńsáàtì ọdún yìí, ìṣẹ́jú ogójì péré ni a ń béèrè, lẹ́yìn orin àwọn akọrin àti ṣáájú ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Àgbà. A ó máa pàdé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́ ní ẹ̀yìn ilé ìdáná, bí àwọn olùkọ́ bá gbà fún wa. Àwa mẹ́fà ti wà níbẹ̀, àwọn mẹ́ta láti Òkìtìpupa sì ti ní àwọn yóò bá wa ṣe é. A kò tíì ní onílù.